Àmì Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Nínú Kọ́là Ẹlẹ́rìn-ín

Nígbà náà, ìyá tó bí mi ṣì wà láyé, arúgbó tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà wa ṣì wà, igi ńlá ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀ kò tíì wó. Bàbá Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ wà, títí di òwúrọ̀ tí wọ́n bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Àyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì gbóná, ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ṣì wà lórí tábìlì, òun ti kú. Kò ṣàìsàn. Kò sọ pé orí ń fọ́ òun. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n wá wo àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Àǹtí Olówùú ni gbogbo ilé ń pe àbúrò yìí. Kò bímọ, ó ti kúrò nílé ọkọ tipẹ́, iṣẹ́ òwú ló sì ń ṣe níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá gbé wá, òun ló máa rán àmì sínú kọ́là rẹ̀, kí tẹnìkan má baà di tẹlòmíràn. Ilé náà ní àmì tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà òjò tí aṣọ kì í gbẹ, àwọn alágbàfọ̀ a máa pín aṣọ fún ara wọn káàkiri ìlú, àmì ilé ló ń mú un padà wá. Òwú dúdú tó ya bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ni àmì Bàbá. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí a ń pè ní Bọ̀dá gba iṣẹ́, ó sì gbé àmì tuntun jáde. Àwọn alágbàfọ̀ kì í lo àmì òkú. Wọ́n ní aṣọ tó bá gba àmì òkú, òkú ló máa bá lọ.

Omijé kò tíì gbẹ lójú wọn nígbà tí ti Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn Bàbá ni, ọmọge tí eyín rẹ̀ kì í wọlé nítorí ẹ̀rín. Oorun ló kọ́kọ́ sá fún un. Lẹ́yìn náà ó ń dáhùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àyọ́ọ̀nù lé búláòsì ìyàwó olùkọ́ títí ó fi jó, ó kàn ń wo òrùlé.

"Àwọn ẹyẹ yẹn ń pe orúkọ mi," ló wí.

Ẹyẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Sítáàṣì tí wọ́n sá sórí páànù ni wọ́n ń ṣà jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ọ̀kan ké lórí igi, ìyá ọmọ náà fò dìde lórí ẹní.

"Ẹ gbọ́ ọ! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀?"

"Ìyàwó wa, ẹyẹ ni," Àǹtí Olówùú dáhùn láti yàrá kejì.

"Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni! Ẹni tó ni ẹyẹ ni mò ń bi yín!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àǹtí Olówùú fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó tì wọ́n. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ó sì dáa bí wọ́n ṣe tètè wá. Kí wọ́n máa fún un lóògùn, kó máa sùn, kí wọ́n má bá a jiyàn lórí ohun tó ń gbọ́, kí wọ́n má sì fi ọmọ náà nìkan sílẹ̀. Àǹtí Olówùú kò mọ̀wé, orí rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ sí.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n máa bọ̀," Ẹlẹ́rìn-ín a wí.

"Èmi ò gbọ́ wọn o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Wá bá mi di òwú yìí mú."

Ọmọ a na ọwọ́ méjèèjì, Àǹtí a máa ká òwú kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Àǹtí, irun imú yín ti funfun o."

"Imú mi ni. Máa wo tìrẹ."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ tó ń sá aṣọ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi aṣọ tútù bojú, ó sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n yíjú lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò rí Ẹlẹ́rìn-ín mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni alágbàfọ̀ kan láti òdìkejì odò mú un dé, bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀.

"Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, kò mọ ibi tó ti wá," ló wí. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni mo fi wo kọ́là rẹ̀. Mo bá ẹsẹ̀ ẹyẹ níbẹ̀. Mo ní áà, ilé Bàbá Alágbàfọ̀ mà nìyí!"

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Bọ̀dá yí kọ́là àbúrò rẹ̀ wò. Ó da gbogbo aṣọ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyẹ wà nínú gbogbo wọn.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni," Àǹtí Olówùú wí.

"Àmì òkú?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àmì tuntun tìrẹ, ta ló mọ̀ ọ́n lódìkejì odò? Ti bàbá rẹ ni gbogbo wọn mọ̀. Kí wọ́n lè mú un wálé ni mo ṣe rán an."

Ìyá ọmọ ká ọwọ́ lérí. "Ẹ ti rán ọmọ mi sí bàbá rẹ̀ nínú sàréè! Ẹ pa ẹ̀gbọ́n yín, kò tó yín!"

Wọ́n lọ pe obìnrin aríran kan. Ó fi ọwọ́ pa kọ́là kan, ó di ojú. "Ẹsẹ̀ ẹyẹ nìyí," ló wí. "Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ ẹyẹ, ìyẹ́ ńkọ́?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó wọn. Wọ́n da oògùn ilé ìwòsàn sínú iná tí wọ́n fi ń se aṣọ. Wọ́n kó ẹrù Àǹtí Olówùú síta.

Kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. "Ẹ lé mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má tú òwú yẹn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jáde láìní àmì."

"Èèyàn kì í ṣe aṣọ," Bọ̀dá wí.

"Aṣọ gan-an, ẹ kì í jẹ́ kó sọnù."

Ìyá ọmọ fi abẹ fẹ́lẹ́ tú gbogbo rẹ̀, kọ́là kan tẹ̀lé òmíràn.

Oorun tún sá. Àwọn ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń ní kó wá di òwú mú. Ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, títí àárẹ̀ fi gbé e sùn níbi tó jókòó sí. Nígbà tó lajú, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òjò sì ń rọ̀.

Wọ́n wá a títí. Bọ̀dá sáré dé òdìkejì odò.

"Ọmọbìnrin kan wá o," arúgbó alágbàfọ̀ wí. "Mo fi ọwọ́ wo kọ́là rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní ọmọ ibòmíràn ni. Mo fún un lómi, ó mu ún, ó kọjá lọ." Ó tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá rẹ̀. "Ṣé tiyín ni?"

Bọ̀dá yí padà, ó sáré. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Olówùú ló gbà lọ, nínú yàrá tó háyà lẹ́yìn ọjà, ó bá ìyá ọmọ níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá wa wá a. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ti kúrò nílé, àwọn ẹyẹ ò yéé pè é. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Àǹtí Olówùú wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Ojú ọ̀nà tó jáde nílùú ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì pa. Òjò ti dá. Ó ká jọ bí ẹni tó ń sùn, ara rẹ̀ ti gan, kò mí mọ́. Ìyá rẹ̀ wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn èrò ọ̀nà pagbo yí wọn ká, wọ́n ń bi ara wọn pé ọmọ ta ni, ta ló mọ ilé rẹ̀.

"Tiwa ni," Àǹtí Olówùú wí. Ó ní kí Bọ̀dá di ẹsẹ̀ mú, òun á gbé orí.

Ọjọ́ tí ayé Ẹlẹ́rìn-ín parí nìyẹn.