Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Vernon

Ẹsẹ̀ méjì ni Marcella kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan pupa, èkejì búlúù. Ẹni tó ni wọ́n ń wá wáyà kiri níbẹ̀, ó sì ń kọrin bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé.

"Ta ló wà lábẹ́ tábìlì mi?"

"Vernon ni. Ṣé ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà àgbà tó máa ń gbàgbé èèyàn yìí?"

Ó gbórí sókè láti wò ó, ó fi orí gbá tábìlì gbàà. Ẹ̀rín pa Marcella débi tó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹni tó gbé Pittsburgh, ìlú irin ní Amẹ́ríkà, nígbà náà yóò rántí bí iléeṣẹ́ irin ṣe ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní yunifásítì, inú kọ̀ǹpútà àgbà kan ni gbogbo wọn ń kó fáìlì sí. Iṣẹ́ Marcella ni kí àgbà náà máa rántí ẹni tó ṣí fáìlì wo, bóyá láti kà á ni tàbí láti kọ nǹkan sí i, kí ẹnì kan má baà ba iṣẹ́ ẹnì kejì jẹ́. Vernon ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, àgbà a gbàgbé gbogbo wọn.

Ìdí pierogi, oúnjẹ àwọn ará Poland tí wọ́n máa ń tà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá.

"Bí àgbà bá jí, kó má gba ẹni tuntun ná," Marcella ní. "Kí àwọn tó ti ṣí nǹkan tẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ wá sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn."

"Bí ẹnì kan bá wá bù mọ́ tiẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké, ọmọ ẹ, nìyẹn. Kọ́ wọn kí wọ́n má purọ́, olówó orí mi ọ̀la!"

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá Marcella, Casimir Dudek, tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ yọ́ irin, kò fẹ́ àna tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ní Sọ́ńdè kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti Vernon dá jókòó síwájú ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Vernon wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Marcella gbà pé bàbá ti yọ̀ǹda. Ó sáré sọ fún àwọn àǹtí rẹ̀ pé kí wọ́n máa múra bisikíìtì ìgbéyàwó, nítorí ní Pittsburgh, àwọn ẹbí ló máa ń yan bisikíìtì kún tábìlì níbi ìgbéyàwó.

Kí òtútù tó dé, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà parẹ́ nínú ìrántí rẹ̀, ohun tuntun kò sì dúró níbẹ̀ mọ́. Ó mọ ọmọ rẹ̀, kò mọ Vernon mọ́. Ni Ronnie, ọmọ alápatà, bá gbé sọ́séèjì wá tọrọ Marcella.

Marcella dí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá ò gba ẹni tuntun báyìí. Ẹni tó wà ńlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó ránṣẹ́ pe Vernon.

"Ìwọ ta ni?" bàbá bi í.

"Vernon ni, sà. A jọ sọ̀rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí ni mo sọ?"

Marcella tẹjú mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Bó bá purọ́, ta ni yóò já a?

Vernon dáhùn. "Ẹ ò fún mi ní Marcella, sà. Ẹ ní kí n ṣì máa wá jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìyẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

Marcella yíjú sí i. "O sì jẹ́ kí n máa pín bisikíìtì kiri?"

"Inú ẹ dùn jù, Marcie. Ojú ń tì mí."

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ tí àrùn ò mú sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"N ò rántí ọmọ yìí rárá. Ṣùgbọ́n ó lè kó gbogbo ilé lọ́wọ́ ẹni tó ti gbàgbé, ó wá ní àga kan ṣoṣo lòun ní. Jókòó, ọmọ mi. Mo fún ẹ ní Marcella."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí yìnyín yọ́, bisikíìtì àwọn àǹtí kún tábìlì dé etí ògiri. Bàbá jó díẹ̀. Kò pẹ́ tó tún fi gbàgbé ìyẹn náà.

Títí ó fi kú, gbogbo Sọ́ńdè tí wọ́n bá wá jẹun ló máa ń béèrè pé, "Ìwọ ta ni?"

"Vernon ni, sà. Ẹ ti fún mi ní Marcella."

Bàbá a wo ọmọ rẹ̀, a tún wo Vernon. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" a ní. "Mo mà ṣe dáadáa o."