Maṣíìnì Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà

Tinúọlá ń fi abẹ ha maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan, ọ̀dà dúdú ń já bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Simeon n'Ídìmù. Irin tó ti dógùn-ún ló wà lábẹ́ ọ̀dà náà.

"Ẹ wò ó, bùrọ̀dá! Èyí lẹ pè ní tuntun?"

Simeon rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wá fárí fún maṣíìnì ni? Ẹ ò rí ohun tá a kọ sára ògiri? Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

"Ògiri yín kọ́ ló ń ṣòfin! Ẹni tó bá ta ògbólógbòó ní tuntun gbọ́dọ̀ gbà á padà, kó sì san ohun tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Maṣíìnì yín ti ya aṣọ àwọn ọmọ iléèwé mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni mo ra òmíràn fún wọn."

Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni Tinúọlá ti kọ́kọ́ pàdé Káyọ̀dé, àbúrò Simeon. Káyọ̀dé ló ta maṣíìnì náà fún un, òun ló sì bá a gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbàkúùgbà tó bá kọṣẹ́, Káyọ̀dé á wá tún un ṣe, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí maṣíìnì ti ń bàjẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ń gbóná sí i. Ìdáná nìkan ló kù báyìí.

Ìdí nìyẹn tí tẹbítará fi ní kí Tinúọlá panu mọ́. Ìyá rẹ̀ pàápàá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ṣé nítorí pé ó fẹ́ lọ́kọ ni kí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ jẹ?

Ó yíjú sí Káyọ̀dé, tó ti dúró bí òpó nínú ṣọ́ọ̀bù látìgbà yìí. "Káyọ̀dé mi, ṣé o mọ̀?"

Káyọ̀dé dorí kodò. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u ni mo mọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ, o ò ní fẹ́ rí mi mọ́."

"O nífẹ̀ẹ́ mi, o wá ń wò mí níran!" Omi lé sójú rẹ̀. "Mò ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà."

"Àna ẹni lèèyàn ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" Simeon jágbe.

"Tó bá lọ, ẹ̀gbọ́n, èmi ni màá jẹ́rìí fún un," ni Káyọ̀dé wí. "Ọwọ́ mi ló tú u. Màá sọ ohun tí mo rí."

Simeon wo àbúrò rẹ̀ títí, ó pòṣé, ó sì wọ ẹ̀yìn lọ. Nígbà tó padà dé, ó gbé maṣíìnì tuntun tó wà nínú páálí sílẹ̀, ó sì san owó aṣọ tó ya. "Ó tó, àbí?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò."

Tinúọlá ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó rán àkísà kan. Maṣíìnì lọ geerege. Ó dá a padà sínú páálí.

"Jẹ́ kí n bá ọ gbé e, ìfẹ́ mi," ni Káyọ̀dé wí.

"Fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ maṣíìnì ti parí, tèmi pẹ̀lú rẹ ò tíì parí. Wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ ohun tí o sọ níbí lójú bàbá mi. Tí o bá lè sọ ọ́, màá fẹ́ ọ."

"Màá sọ ọ́, Tinú. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí."

Tinúọlá gbé páálí karí, ó sì bọ́ sójú títì.