Ta Ló Gbé Olófòófó Bàbá Gbàdàmọ́sí?

Igbe tí Rọ̀kíbátù ké ní Lakowe láàárọ̀ Sátidé yẹn, àwọn ẹja inú ọ̀sà fi lẹbẹ dí etí. Àwọn olówó tó ń gbá gọ́ọ̀fù lẹ́yìn ògiri ju igi ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n rò pé ayé ti parẹ́. Ayé kò parẹ́. Olófòófó ló sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Olófòófó hàn yín. Ọkọ Rọ̀kíbátù ni Bàbá Gbàdàmọ́sí, agbẹ́kọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá to gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó ti gbẹ́ sórí omi, èèyàn á fi ẹsẹ̀ rìn lórí wọn dé Kútọnu láìtutù. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá a ní Awoyaya ni omi ti ń dúró sí i nínú agbárí. Àwọn dókítà ní Lẹ́kí fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lórí tó ń fa omi náà lọ sí ikùn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà méjì sí abẹ́ awọ orí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Òmíràn tó rí bí àwo kékeré ni nọ́ọ̀sì máa ń fi báńdéèjì dè mọ́ ibẹ̀ láti ìta, yóò sì máa sọ bí omi ṣe ń ti ọpọlọ tó. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kọjá ogún tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, dókítà ní kí wọ́n sáré gbé Bàbá wá. Bí Bàbá bá tẹ orí ba, àwo náà á sọ. Bó bá bínú, á sọ. Fóònù dókítà ní Lẹ́kí sì ń gba gbogbo rẹ̀. Ìdí tí Bàbá fi sọ àwo náà ní Olófòófó nìyẹn.

Ó wá sọnù lọ́jọ́ tí orí ń fọ́ Bàbá, tó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ pé páìpù ló dí, ikú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ẹ̀bà àná ni, òun ò sì ní torí ẹ̀bà lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Nọ́ńbà Olófòófó nìkan ló máa ń gbà lẹ́nu.

Ni Rọ̀kíbátù bá pe ọlọ́pàá. Ìnsípẹ́kítọ̀ Olúsànyà dé láti Ajah. Ọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìfọyín, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ lè gbọ́ òórùn irọ́ láti Ṣàngótẹ̀dó kí ẹni tó fẹ́ pa á tó la ẹnu. Ó kọ́kọ́ wo àpótí tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ náà sí. Wọn ò já a. Ṣájà wà níbẹ̀. Báńdéèjì wà níbẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ká a dáadáa bí ẹni ká aṣọ Jímọ̀. Àwo nìkan ni kò sí.

Ó pe nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fèyíkẹ́.

"Wọ́n ní ìwọ àti Bàbá ò gbọ́ra yé."

"A gbọ́ra yé, sà. Wọ́n kàn máa ń pè mí ní wọ́dà ni. Mo ní kí wọ́n máa jókòó lórí àga kírun, kí wọ́n má forí kanlẹ̀ mọ́. Wọ́n bi mí pé ṣé bọ́ọ̀lù làwọn wá wò ni."

"Ṣé wọ́n wá ń jókòó?"

"Wọ́n ní àwọn ń jókòó. Àga wọn wà lẹ́yìnkùlé."

Olúsànyà yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àga wà níbẹ̀ lóòótọ́. Adìẹ kan ń sàba lórí rẹ̀, ó sì wo Ìnsípẹ́kítọ̀ bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tí kò sanwó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí Bàbá ti ń ṣe àlùwàlá, ilẹ̀ ṣì tutù, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n fa ẹnu rẹ̀ ya sì wà níbẹ̀.

Samson ayálégbé ló kàn, ẹni tó ń ta fóònù ní Ṣàngótẹ̀dó. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ọ̀gá, mo mọ̀ pé èmi lẹ máa mú. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Èmi tí mò ń ta fóònù, mo máa wá gbé ẹ̀rọ kí n fi ṣájà sílẹ̀? Ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi, àkàn? Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ìwọ mọ kòkòrò ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Mo kàn ń pòwe kí ẹ má baà mú mi ni."

Rọ̀kíbátù kò dúró kí wọ́n bi òun. "Mo ti tú ilé yìí, ọmọ mi. Mo tú àpò gàrí. Mo tú tìmùtìmù. Mo tú u débi pé mo rí yẹtí tó sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ."

"Kò sí ibi tẹ́ ẹ fò, Mà?"

"Àfi búútà Bàbá. Ta ló ń fọwọ́ kan ìyẹn? Omi ìrun wọn ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn gbé, bó bá ṣubú gan-an, àwọn ni mo máa ń pè kí wọ́n wá gbé e."

Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ jókòó ti Bàbá lórí ẹní. Ojú Bàbá ti pọ́n, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ fura sí?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ má mú ọmọ yẹn o, nọ́ọ̀sì. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ má mú Samson náà, ojo ni, ó lè kú sí àtìmọ́lé."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Bẹ́ ẹ bá mú un, èmi náà á tẹ̀ lé yín."

Olúsànyà dìde, ó pe gbogbo wọn sí pálọ̀. "Ẹni tó gbé e wà láàárín wa," ni ó wí. Samson gbá ògiri mú. "Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń le, mo sì fẹ́ fọ ojú mi ná. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi sínú búútà yín."

Pálọ̀ náà dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ bí adìẹ ẹ̀yìnkùlé ṣe ń mí. Bàbá wo búútà tó wà lórí ìṣó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ mú un," ni ó wí. "Ó wà níbẹ̀."

Olúsànyà ṣí ìdérí búútà. Ó gbẹ táútáú. Nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu ni Olófòófó wà.

"Olè tó fẹ́ tà á ò bá kó ṣájà mọ́ ọn," Ìnsípẹ́kítọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ká báńdéèjì yẹn ò bínú sí ẹni tó máa tún un lò. Adìẹ ò lè sàba lórí àga tí èèyàn ń jókòó lé. Èèyàn tó sì ní búútà tó wá ń fi píọ̀ wọ́tà ṣe àlùwàlá, búútà rẹ̀ ti ní àlejò nínú nìyẹn. Gbogbo ilé tú, àfi ibi tí ọ̀wọ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé. Mo sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n jà lólè tó ń bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo afurasí."

"Bàbá Mùínàt," ni Rọ̀kíbátù pe ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Mo ti ń forí kanlẹ̀ láti ìgbà tí mi ò tíì ga ju àgùntàn lọ," Bàbá dáhùn. "Mi ò lè máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí alága ìpàdé. Bí mo bá forí kanlẹ̀, Olófòófó á rò fún dókítà, dókítà á pè ọ́, á ní o ò tọ́jú mi. O ó sì wọ ilé ìdáná lọ sunkún. O rò pé mi ò gbọ́? Mo ní bí kò bá sí ẹ̀rọ, kò ní sí ẹni tó máa bá ọ wí."

Fèyíkẹ́ ti gbé àwo náà lé e lórí. Bàbá jókòó ṣinṣin, kò tẹrí ba, kò bínú. Síbẹ̀ nọ́ńbà náà kọjá ogún, ó kọjá ọgbọ̀n, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀bà," ni Fèyíkẹ́ wí. Ó ka nọ́ńbà náà síta.

Bàbá gbọ́ nọ́ńbà náà. Ó na apá. "Ẹ gbé mi."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá kò ṣiṣẹ́, Samson bá yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo láti Lakowe dé Lẹ́kí. Kódà tírélà yà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Páìpù ló dí. Wọ́n ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, omi sì ráyè kọjá. Dókítà ní bó bá di alẹ́ ni, àdúrà òkú ni wọn ì bá máa ṣe.

"Ìgbà tí egbò ò tíì jinná ni mo ní kí wọ́n jókòó," ni dókítà sọ fún Rọ̀kíbátù. "Bó bá ti jinná, kí wọ́n forí kanlẹ̀, kí wọ́n kàn rọra dìde. Ẹnì kan ì bá bi mí. Ẹ má bínú, Mà, mo jágbe mọ́ yín jù."

Nígbà tí Bàbá lajú, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ló rí Olúsànyà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Mà, ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ọ̀daràn rèé. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀?"

"Ẹ má gbàgbé nǹkan kan," ni Rọ̀kíbátù dáhùn. "Ẹ tì í mọ́lé. Ilé mi ni kí ẹ tì í mọ́, títí ọjọ́ alẹ́."

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Rọ̀kíbátù gbá wọn mú, kò sì fi wọ́n sílẹ̀.