Ẹyẹ Tó Pọ́n Bí Ìyeyè

Kí káfíńtà tó kú, ó ní òun rí ẹyẹ kan lójú fèrèsé tó pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Wọn ò tíì gbé òkú kúrò nílẹ̀ tí ìyá ọkọ fi jáde sójúde, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ wá wo aránṣọ tó fi ẹ̀mí ọmọ mi rán aṣọ. Ọmọ mi ń bì, oúnjẹ ò wọlé, àyà rẹ̀ ń lù ségesège bí aago tó fẹ́ kú. Ẹyẹ ta ló ń wá bà sí fèrèsé nírọ̀lẹ́?"

"Màámi, ẹyẹlé ni," aránṣọ dáhùn.

"Ẹyẹlé tó pọ́n bí ìyeyè? Níbo ni wọ́n ti ń sìn ín?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Àtìgbà náà, ẹni tó ti gbé aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń wá gbà á láìrán. Ẹbí ọkọ ní bí wọ́n bá ti sìnkú tán, kó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa lọ.

Aránṣọ ò sunkún. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó ní kí wọ́n yẹ òkú ọkọ òun wò.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa á, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ. Bí kì í bá ṣe èmi, ẹni tó pa á á mọ̀ pé n kì í gbàgbé."

Dókítà tó ń yẹ òkú wò fa ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan itan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tó pe aránṣọ àti ẹbí ọkọ, ìyá ọkọ ló jókòó síwájú.

"Ṣé olóògbé ń rí nǹkan bí ẹni pé ó pọ́n bí ìyeyè?" dókítà bi wọ́n.

Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Oògùn tó ń lò fún àìsàn ọkàn rẹ̀ ni. Ìwọ̀nba rẹ̀ ló ń gbé ọkàn ró. Bó bá pọ̀ jù lára, á máa múni bì, á yí àwọ̀ nǹkan padà lójú ẹni, á wá dá ọkàn dúró. Èyí tí mo bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà."

"Ẹyọ kan ni mò ń fún un láràárọ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́," aránṣọ wí.

Ìyá ọkọ yíjú sí i. "O ń fún un?"

"Lójoojúmọ́."

"Irọ́ ni. Ṣebí ńṣe lò ń fi pamọ́ kó lè kú. Èmi ni mo mú páálí òfìfo lọ bá ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó, mo ra irú rẹ̀, mò ń lọ̀ ọ́ sínú tíì rẹ̀ kó lè..." Ó dìde, ó jáde.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó di aṣọ aránṣọ mú. "Ìyàwó mi, bò mí láṣìírí. Ọmọ mi ni mo fẹ́ gbà là."

"Màámi, láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, òní lẹ kọ́kọ́ pè mí ní ìyàwó yín." Ó rọra já aṣọ rẹ̀ gbà. "Ojúde tí ẹ ti pè mí ní àjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa ṣíwájú. Ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n ò ní mọ ibi tí màá ti dákẹ́."

Ìyá ọkọ ṣíwájú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Aránṣọ ò dì í mú.