Odò Ti Yà, Máàpù Ò Gbọ́

Aránṣọ kan ń gé ṣòkòtò lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lójoojúmọ́.

"Ìyàwó mi, ọdún tí odò yìí yà, mo ṣì ń fún ọkọ rẹ lọ́mú. Iwájú ilé wa níbí ló ń ṣàn gbà tẹ́lẹ̀. Àkúnya omi ọdún yẹn ló gbé e gba ẹ̀yìn ìlú."

"Mo ti gbọ́ o, Màmá," ni aránṣọ wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Kí a má parọ́, ìtàn náà ti sú u.

Ibi tí wọ́n wà nìyí nígbà tí bàbá awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá gba ṣòkòtò rẹ̀.

"Télọ̀ mi, ṣé o ti rí ìwé tí àjọ elétò ìdìbò lẹ̀ mọ́ ògiri kánsù?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú nìyẹn. Ṣòkòtò yín ló kàn mí."

"Ó kàn ọ́ ju ṣòkòtò lọ."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì orí tábìlì, ó fa ìlà gbọọrọ sára àjákù aṣọ kan.

"Odò nìyí. Òun ni ààlà ẹkùn ìdìbò wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹnì kan péré ló ń ṣojú gbogbo àwọn tó wà nínú ẹkùn kan nílé aṣòfin. Tí èèyàn bá pọ̀ sí i níbì kan, wọ́n á tún ààlà yà, bí ìwọ náà ṣe ń tú ìbàdí ṣòkòtò mi kó lè gba ikùn mi."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín.

"Má tíì rẹ́rìn-ín. Orí máàpù àtijọ́, èyí tí wọ́n yà kí odò tó yà, ni wọ́n ti ya ààlà tuntun tó wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ yẹn. Nínú máàpù yẹn, òdìkejì odò ni ìlú wa wà. Tí a bá dákẹ́, òdìkejì la ó ti máa dìbò."

Ìgbà òjò ni ìdìbò máa ń bọ́ sí. Odò náà kò ní afárá, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í ná an tó bá kún.

Ìyá àgbà dìde. "Mi ò pa ìdìbò kankan jẹ rí láyé mi. Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni?" Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ dọ́kàn.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi máa gba àtakò," ni awọnlẹ̀ wí. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì dé ìlú yìí nígbà tí odò yà. Ẹni tó fojú rí i ni mo ń wá."

Aránṣọ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ojú tì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣebí o ní o ti gbọ́."

"Mi ò fetí sí i ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá sọ ọ́, kò sì yára rárá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú ìwé àtakò náà dé kánsù. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ wá wo ilẹ̀ náà, ìyá mú wọn lọ sí àárín oko àgbàdo tó wà níwájú ilé, ó fi òkúta ńlá tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ kí odò tó yà hàn wọ́n. Iyanrìn odò ló yí i ká. Wọ́n wọn ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún máàpù ṣe.

Lọ́jọ́ ìdìbò, òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Ìyá àgbà gbé agbòjò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbùdó ìdìbò tó wà nílé ìwé àdúgbò, ó dìbò, ó sì padà sílé kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo máàpù ẹkùn yín tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ wá orúkọ ìlú yín níbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ ti dìbò. Tí ohun kan bá wọ́, ẹ kọ̀wé kí ọjọ́ àtakò tó pé, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ilẹ̀ náà dání. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìdìbò kó tó béèrè ẹkùn tó wà, etí odò ni yóò dúró sí.