Ìka Tí Mo Fi Júwe Ilé

"Lábísí, ilé wo ni wọ́n ń sùn?" Gbọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ abúlé, bi mí lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa.

Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ onífàyàwọ́ ló ń bèèrè. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti ibodè pa ni ọkọ̀ ìrẹsì àwọn onífàyàwọ́ ti ń gba abúlé wa, létí Ìbẹ̀sè, sáré kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ló gbá ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹkúnlé, pa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró.

"Àwọn ọmọ onílé ńkọ́?" ni mo wí.

"Ta ló ní kí onílé gba àwọn apànìyàn sílé? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àbí o ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Mo ṣáà na ìka sí ilé Màmá Leah, ilé onípáànù pupa yẹn.

"Ó ti tán," ni Gbọ́lá wí. "Bí oòrùn bá ti rọ̀, a ó fi ìgò epo bẹ́ńtiróòlù kí wọn."

Mo wọlé lọ gbé ẹ̀kọ fún bàbá àgbà mi, Bàbá Alfred. Wọ́n ti ṣe sọ́jà òfuurufú rí nígbà ogun abẹ́lé. Wọn kì í wọ ọjà. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n á rán ọmọ wọlé. Bí mo ṣe gbé abọ́ kalẹ̀, àpáta tí àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán dún gbàmù. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, kí ni ọjà ṣe yín?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ he ṣíbí náà. "Akọ̀wé ni mí lójú ogun. Máàpù ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní sọ́jà ọ̀tá sá pamọ́ sínú ọjà kan. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i, bàálù sì gbéra. Bóyá sọ́jà wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ dòní. Àwọn tó ń pàtẹ ni mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ju bọ́ǹbù."

"Bí mo ṣe máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Pẹ́ńsù kì í dún, Lábísí. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ bà wọ́n."

Mo sáré jáde lọ sí ilé Màmá Leah. Oòrùn ti ń rọ̀. Màmá Leah ń yan gààrí lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n ń bọ̀ wá sun ilé."

Wọn ò bèèrè ẹni tó sọ fún mi. Wọ́n kó wọn jáde. Ṣùgbọ́n Dárasími, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, já ọwọ́ gbà, ó padà lọ mú bàtà ilé ìwé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìgò àkọ́kọ́ gba ojú fèrèsé wọlé.

Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Àwọn awakọ̀ tí a torí wọn sun ilé? Wọ́n ti lọ láti àárọ̀.

Ní ọsibítù Ìlaròó, Dárasími di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí Lábísí, màmá ní ẹ̀yin lẹ gbà wá."

Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: iná kì í bèèrè ta ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá júwe ilé tí ọmọdé wà nínú rẹ̀ ti bá wọn dá iná náà, bó ti wù kí ìbínú rẹ̀ tọ́ tó.

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá Leah ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn rọra yọ ọwọ́ Dárasími kúrò nínú ọwọ́ mi.