Ikọ́ Inú Sàárè ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ

Lùkúmọ̀n tó ń lẹ taya ní Ajégúnlẹ̀ máa ń fọ́nnu pé bí òun bá da etí lélẹ̀ ní Àpápá, òun á gbọ́ bí òkú ṣe ń húkọ́ ní Ìlọrin. Ó ní òkú kan tilẹ̀ sín lọ́jọ́ kan, òun ní, "Pẹ̀lẹ́ o," òkú náà ní, "Ẹ ṣeun, ṣé ẹ ti jẹun?"

Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín títí di àárọ̀ tí wọ́n bá òkú Kazeem, awakọ̀ àdúgbò wọn, ní ìjókòó nínú tírélà rẹ̀, lórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ wọ ebúté Àpápá. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò ṣàìsàn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ látẹ̀yìn.

Kò pé oṣù kan, oyún bàjẹ́ lára Ruqoyah, ìyàwó Gafar, àbúrò Kazeem. Ẹyẹ dúdú kan sì ń bà sórí páànù ilé wọn ní gbogbo ìdájí Jímọ̀. Ìdájí Jímọ̀ yẹn gan-an ni Moríyọ̀, ìyálé tí bàbá Kazeem àti Gafar kú fi sílẹ̀, máa ń gbé igbá tó fi aṣọ bò jáde, tí kì í sọ ibi tó ń lọ.

"Àjẹ́ ni wọ́n!" Ruqoyah pariwo. "Ìpàdé ni wọ́n ń lọ! Oyún mi ló wà nínú igbá wọn yẹn!"

"Ruqoyah, panu mọ́." Ṣùgbọ́n Gafar fúnra rẹ̀ ń wo ilẹ̀kùn Moríyọ̀.

Lùkúmọ̀n bọ́ sí àárín wọn. "Bọ̀dá Gafar, ẹ jẹ́ ká lọ bi bàbá ńlá yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ, lódìkejì omi. Òun á dárúkọ ẹni náà."

"Ta ló tún mọ ibi tí sàárè wọn wà?"

"Èmi wà láyé, ẹ ń bèèrè ìyẹn?"

Gafar gbà. Bí òkú bá dárúkọ Moríyọ̀, ẹrù rẹ̀ á ti wà níta kí wọ́n tó kírun Mọ̀gáríbì.

Láti Marine Beach ni Ebinimi ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọdá, Moríyọ̀ pẹ̀lú igbá àti ọkọ́ rẹ̀. Ó wo Moríyọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i, ó sì yíjú sí omi. Bí wọ́n ṣe wọ àfonífojì Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ, ariwo ebúté dá wáí, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn kò fẹ́, síbẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ ń mì. Gafar mọ èémí kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan.

Lùkúmọ̀n rí òkìtì kan lábẹ́ pèrègún, ó sùn lé e gbalaja. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ o! Wọ́n ní Ìyá Moríyọ̀ ni! Wọ́n ní igba èèyàn ni wọ́n ti jẹ, wọn ò tíì yó!"

Ruqoyah bú sẹ́kún. Moríyọ̀ ò wò ó. Ó na ọkọ́ sí Gafar. "Wa ibẹ̀."

"Èèwọ̀! Apá yín á rọ!" Lùkúmọ̀n figbe ta.

Moríyọ̀ gba ọkọ́ padà, ó sọ ọ́ sí òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan. Èkùrọ́ ya jáde wàrà bí òjò.

"Ibi tí èmi àti ìyá ẹ ti ń fọ epo, tí a ń da èkùrọ́ sí, rèé, Gafar. Pèrègún ààlà oko lèyí. Lùkúmọ̀n, èkùrọ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ebinimi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mama, tell dem! Every Friday na me dey carry you come here!"

Moríyọ̀ ṣí igbá rẹ̀: àdá kékeré, ìgbálẹ̀, ìgò omi kan. Ó ṣíwájú wọn lọ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ mẹ́ta. Sàárè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ro yíká, òkúta tò sí etí rẹ̀, ó kọjú sí Kíbúlà, ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun.

"Bàbá yín ló fi sàárè bàbá wọn sílẹ̀ fún mi láti tọ́jú. Wọ́n ní kí n má fi han ẹni tó lè ta ilẹ̀ rẹ̀. Kazeem ṣọ́ mi dé ibí. Ó kó àwọn tó ń wa yanrìn wá, ó fi bàtà gun orí sàárè. Mo bẹ Kazeem, Gafar. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta..." Kò parí rẹ̀.

Gafar dọ̀bálẹ̀ nínú ewé gbígbẹ. Ruqoyah ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣebí mo sọ fún yín pé sàárè wà nítòsí!" Lùkúmọ̀n ń rẹ́rìn-ín. "Etí mi kì í—"

Ẹnì kan húkọ́ nínú ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ikọ́ gbígbẹ, ti àgbàlagbà.

Moríyọ̀ ṣí ìdérí ìgò omi rẹ̀. "Ẹ kú àtijọ́, Bàbá."

Gafar gbórí sókè díẹ̀. "Lùkúmọ̀n, ó yá. Bá wọn sọ̀rọ̀."

Bàtà Lùkúmọ̀n kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ó sáré kọjá ọkọ̀ Ebinimi, ó sì kó sínú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Àpápá.